Agẹmọ Nínú Fèrè: Àgbéyẹ̀wò Àwo Orin "Chameleon" ti Maynard Ferguson

Òwe kan wà tí àwọn àgbà wa máa ń pa, tí gbogbo ẹ̀yin olùkọ́ ti gbọ́ rí: Agẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sí ọwọ́ ọmọ agẹmọ. Nígbà tí bàbá bá ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí bàbá ṣe ni a máa ń pa á, tí ó wá ku ti ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bàbá ni ó jáde lọ kọ́ ijó lọ́dọ̀ ọmọ. Maynard Ferguson, afọnfèrè ìpè tí ó ń lọ sí ẹni ọdún 46 nígbà náà, kó ẹgbẹ́ jazz ńlá rẹ̀ wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó mú àwọn orin tí ọ̀dọ́ ìgbà náà ń gbọ́, ó sì fi wọ́n sí ẹnu fèrè. Àwo orin tí ó ti inú rẹ̀ jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Columbia ni ó pè ní "Chameleon", èyí tí í ṣe agẹmọ ní èdè tiwa.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀wò nínú àròkọ yìí ni pé, bí agẹmọ bá pa àwọ̀ dà, ṣé agẹmọ náà ṣì ni? Ní ti ẹranko náà, gbogbo wa ni a mọ ìdáhùn. Àwọ̀ rẹ̀ a yí, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kì í yí. Bí ó wà lórí ewé, bí ó wà lórí èèpo igi, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kan náà ni ó ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń mì síwá mì sẹ́yìn. Ní ti ẹgbẹ́ olórin, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ó kan àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní orin nínú ilé-ìwé ìjọ ju bí a ti lérò lọ.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò tíì gbọ́ irú ẹgbẹ́ yìí rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ṣókí. Ẹgbẹ́ jazz ńlá a máa ní bí ènìyàn 17: afọnfèrè ìpè mẹ́rin, afọn-trombone mẹ́ta tàbí mẹ́rin, afọn-saxophone márùn-ún, àti àwọn tí ń ta piano, gìtá àti béèsì, pẹ̀lú onílù. Wọn kì í jókòó yánnayànna. Ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ni wọ́n ń jókòó. Ọ̀wọ́ kan a sọ̀rọ̀, òmíràn a dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí lílé àti ègbè nínú orin wa, lẹ́yìn náà gbogbo wọn a pa ohùn pọ̀ bí ẹni pé èémí kan ṣoṣo ni ó wà nínú àyà gbogbo wọn. Láàárín ọdún 1935 sí 1945, orin yìí ni Amẹ́ríkà ń jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, owó ọkọ̀ àti owó ọ̀yà ènìyàn púpọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ àwọn olórí ẹgbẹ́ lọ́rùn. Owó-orí tí ìjọba ti gbé ka ilé ijó lórí ní 1944 dá kún un. Ìfẹ́ àwọn ènìyàn sì yí sí ọ̀dọ̀ akọrin tí ń dá kọrin. Ní oṣù kejìlá ọdún 1946 nìkan, àwọn olórí ẹgbẹ́ olókìkí bí mélòó kan tú ẹgbẹ́ wọn ká, Benny Goodman àti Woody Herman sì wà nínú wọn. Herman tún ẹgbẹ́ kó jọ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1974, àwọn tí ó kù lójú ọ̀nà kò pọ̀ mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà gan-an ni Duke Ellington, ẹni tí a lè pè ní baba wọn, jáde láyé.

Ní àkókò yìí kan náà, iná mànàmáná ti wọ inú orin. Gìtá oníná àti piano oníná ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́. Wọ́n ń gbọ́ orin soul pẹ̀lú, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gbé jáde láti inú ilé ìsìn wọn bọ́ sí ìgboro, tí ìlù rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ṣinṣin, tí akọrin rẹ̀ sì ń ké bí oníwàásù. Miles Davis ti da iná mànàmáná pọ̀ mọ́ jazz nínú àwo "Bitches Brew" ní 1970. Herbie Hancock, tí ó ti ta piano nínú ẹgbẹ́ Davis rí, ṣe tirẹ̀ ní 1973, ó pè é ní "Head Hunters", ó sì tà dé ibi tí àwo jazz kì í sábà tà dé. Teo Macero, ẹni tí ó ṣe alábòójútó "Bitches Brew" nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, òun kan náà ni ó ṣe alábòójútó àwo Ferguson tí a ń sọ yìí.

Kí ni ẹgbẹ́ ńlá yóò wá ṣe? Ṣé kí ó dúró sínú àwọ̀ àtijọ́ kí ó sì kú pẹ̀lú ọlá rẹ̀, tàbí kí ó pa àwọ̀ dà? Count Basie ti dán an wò ní 1966, nígbà tí ó fi orin àwọn Beatles ṣe àwo kan. Àwọn lámèyítọ́ a máa bínú sí irú nǹkan báyìí. Wọ́n a ní owó ni àgbà ń lé kiri. Èmi kò fẹ́ yára dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹni tí ó ń kó odidi ẹgbẹ́ kiri nínú bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, tí gbogbo wọn sì ń wo ojú rẹ̀ fún oúnjẹ, kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì tí ó ń kọ àròkọ ní.

Ìtàn ọkùnrin náà yóò wu àwọn òǹkàwé wa láti gbọ́. Ní 1928 ni a bí i ní Verdun, lẹ́bàá ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ta fáólìnì. Nínú ilé ìsìn àdúgbò wọn ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ fèrè cornet nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n ra ọ̀kan fún òun. Láti 1950 sí 1953 ó wà nínú ẹgbẹ́ Stan Kenton, níbẹ̀ sì ni òkìkí rẹ̀ ti kàn nítorí ohùn òkè rẹ̀. Ibi tí ohùn fèrè ẹlòmíràn ń parí sí ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà tú ká, ó lọ sí India, ó kọ́ àwọn ọmọ ní orin ní ilé-ìwé Rishi Valley, ó sì gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti kó ẹgbẹ́ tuntun jọ kí ó tó padà sí Amẹ́ríkà. Ó kú ní 2006. Ẹgbẹ́ tí ó gbé wọ inú àwo 1974 yìí kéré sí ti àtijọ́: trombone méjì, saxophone mẹ́ta péré. Àwọn afọnfèrè ìpè nìkan ni kò dín, ẹ ó sì gbọ́ ọ dáadáa pé wọn kò dín.

Orin àkọ́kọ́ ni ó fún àwo náà ní orúkọ. Láti inú "Head Hunters" ni ó ti wá, Hancock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é. Ohùn ìsàlẹ̀ kúkúrú kan ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Hancock fi ẹ̀rọ synthesizer ta á, ó ń lọ, ó ń padà bọ̀, bí ọmọ-odó nínú odó, fún ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú 15. Lórí rẹ̀, ìdìpọ̀ ohùn méjì péré ni ó ń pààrọ̀ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò ní kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun púpọ̀ ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́lẹ̀ ni.

Jay Chattaway ni ó tún orin yìí tò fún Ferguson. Ó fi ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì dá gbogbo ìyókù kúrú débi pé kò tó ìdajì gígùn ti Hancock. Ohun tí ó jẹ́ ìtàkúrọ̀sọ láàárín àwọn ènìyàn díẹ̀ wá di ìkéde láàárín ìlú. Fèrè ìpè ń ké ní kúkúrú-kúkúrú, saxophone ń fèsì nísàlẹ̀, ìlù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Mo gbà pé nǹkan sọnù níbẹ̀: sùúrù sọnù. Àyè tí Hancock fi sílẹ̀ láàárín ohùn kan àti èkejì, Chattaway ti kó fèrè dí i. Síbẹ̀ n kò lè sọ pé ó ba orin náà jẹ́, nítorí pé ohun tí ó kó sí i jẹ́ ti ẹgbẹ́ ńlá láti ìpìlẹ̀. Lílé wà níbẹ̀, ègbè wà níbẹ̀, èémí àpapọ̀ wà níbẹ̀. Àwọ̀ ni ó yí, ìrìn kò yí.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ níhìn-ín nítorí ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ferguson fẹ́ràn àwọn ilé-ìwé. Ó máa ń lọ fọn fèrè fún àwọn ọmọ, ó sì máa ń jókòó kọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ni ó sì kún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún púpọ̀. Títí di òní ni àwọn ẹgbẹ́ fèrè ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà ń fọn "Chameleon" bí Chattaway ti tò ó. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní fèrè rí mọ ewu tí ó wà níbẹ̀: ọmọ lè fọn gbogbo ohun tí a kọ sínú ìwé láìṣi ẹyọ kan, kí ó sì dé ibi tí a kò kọ nǹkan sí, níbi tí òun gan-an yẹ kí ó ti dá ohùn láti inú ara rẹ̀, kí ó dúró bí ẹni tí a pè ní orúkọ tí kò mọ̀ pé òun ni. Ibẹ̀ ni òwe agẹmọ ti bá orúkọ àwo yìí mu jù lọ.

Orin kejì, "Gospel John", Jeff Steinberg ni ó ṣe é, òun ni mo sì gbà pé ó dára jù lọ nínú gbogbo àwo náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò fa ojú ro nígbà tí wọ́n bá rí orúkọ yìí láàárín orin ijó. Mo fẹ́ kí wọ́n fi sùúrù gbọ́ ọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú rẹ̀, a kò sì fi ohun mímọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ìwà orin ilé ìsìn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ó mú: bí ìka ṣe ń yí lórí piano bí ẹni tí ń múra àtikọ orin sílẹ̀ fún ìjọ, bí ẹnì kan ṣe ń ké tí gbogbo ìjọ sì ń dáhùn, bí ìlù ṣe ń gbé ènìyàn dìde lórí ìjókòó láìbéèrè.

Ohun tí ó mú kí orin yìí yọrí sí rere ni pé kì í ṣe aṣọ àyálò. Láti ọ̀dọ̀ ta ni ẹgbẹ́ jazz ńlá ti kọ́ lílé àti ègbè ná? Ọ̀nà méjì-mẹ́ta ni ó gbà wá, ṣùgbọ́n ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni ilé ìsìn àwọn aláwọ̀ dúdú, níbi tí oníwàásù kì í ti í dá sọ̀rọ̀ tán kí ìjọ má dá a lóhùn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn fèrè Ferguson bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn nínú "Gospel John", inú àpótí ìyá wọn ni wọ́n ti mú aṣọ náà jáde. Ó bá wọn mu ní èjìká, ó bá wọn mu ní apá. Ohùn òkè Ferguson pàápàá, èyí tí ó máa ń rí létí mi níbòmíràn bí ti ẹni tí ń gun ọ̀pẹ láti fi han àwọn ọ̀dọ́ pé òun ṣì lè gùn ún, níhìn-ín ó dà bí ti ẹni tí ayọ̀ gbé dé òkè tí kò sì mọ ìgbà tí òun dé ibẹ̀. Ẹ̀sùn kékeré kan ni mo ní: ní òpin, ó ń lọ sókè sí i nígbà tí orin ti parí lọ́kàn olùgbọ́. A ní irú rẹ̀ nínú àwọn oníwàásù pẹ̀lú.

Mo fẹ́ tètè kọjá lórí àwọn méjì tí ó tẹ̀ lé e. "The Way We Were" jẹ́ orin fíìmù 1973 tí Marvin Hamlisch ṣe, tí Barbra Streisand kọ. Oyin ni tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ yìí sì tún bu ṣúgà sí i. "Jet" jẹ́ ti Paul McCartney, láti inú àwo "Band on the Run". Púpọ̀ nínú àwo McCartney yìí ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní Èkó ní 1973, ní Àpápá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé London ni wọ́n ti gba "Jet" fúnra rẹ̀. Àkókò náà ni Fẹlá Ransome-Kuti lọ bá a, tí ó fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin àwọn ènìyàn dúdú gbé, tí McCartney sì ní láti fi orin rẹ̀ hàn án kí ó lè gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn yìí dùn mọ́ mi ju orin tí Ferguson ṣe láti inú "Jet" lọ. Nínú àwọn méjèèjì yìí, ẹgbẹ́ ńlá kò fi ohun kan sí orin náà tí orin náà ṣe aláìní, àfi ariwo.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ní ojú kejì àwo náà, Ferguson gbé "Livin' for the City" ti Stevie Wonder. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tí ó wà nínú orin náà bí Wonder ti kọ ọ́ nínú àwo "Innervisions" ní 1973. Ìdílé aláwọ̀ dúdú kan wà ní Mississippi tí wọ́n jẹ́ tálákà. Bàbá ń ṣiṣẹ́ wákàtí púpọ̀ fún owó tí kò tó nǹkan, ìyá ń nu ilẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, àwọn ọmọ ní ìwà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ara wọn kò jẹ́ kí a fún wọn níṣẹ́. Ọmọkùnrin kan wọ bọ́ọ̀sì lọ sí New York. Bí ó ti dé, kí ó tó wo ìlú náà kárí, wọ́n ti ki ẹrù ẹlẹ́rù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọlọ́pàá mú un, adájọ́ sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí ohùn Wonder yí padà, ó di kíkan, bí ohùn ẹni tí ó ti sunkún tán tí inú sì ń bí. Wonder, tí kò fi ojú rí ìmọ́lẹ̀, òun nìkan ni ó ta gbogbo ohun èlò tí ó wà nínú orin náà.

Ferguson kò lo ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohùn orin náà wà níbẹ̀ ní pípé, fèrè sì gbé e dáradára. Bí a bá ń wo iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, ó ṣòro láti rí àbùkù. Ibẹ̀ gan-an ni àbùkù wà. Mo fi orin yìí lélẹ̀ ní ọjọ́ kan fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ fèrè lọ́dọ̀ mi, mo sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé orin náà ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí etí rẹ̀ mú ju ti àwọn ìyókù lọ, dáhùn pé, "Olùkọ́, ìyàwó ni wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ." Àwọn tí ó kù gbà bẹ́ẹ̀. N kò bá wọn wí, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sọ. Mo sọ ìtàn ọmọkùnrin Mississippi náà fún wọn, mo sì tún fi orin náà lélẹ̀. Ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi parí, ó wá ní, "Ṣé wọ́n mọ ìtàn náà, sà, àwọn tí ń fọn ọ́n?"

N kò rí ìdáhùn fún un lọ́jọ́ náà, mo sì ti rò ó láti ìgbà náà wá. Àwa Yorùbá ju ènìyàn púpọ̀ lọ ni ó yẹ kí ó mọ ewu tí ó wà nínú yíya ọ̀rọ̀ àti ohùn orin nípa. Ọdún púpọ̀ ni ìjọ wa fi kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ di ọkọ, tí ọkọ sì di ọkọ́, tí ìjọ ń fi tọkàntọkàn kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀. Nítorí èyí ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá-bàbá Fẹlá tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, fi ṣe orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, tí ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní 1922. Nítorí èyí kan náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó ta dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 dé 1962, fi kọ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá ní 1953, níbi tí ó ti jiyàn pé ọ̀rọ̀ àti ohùn kò ṣeé yà. Bí onídùndún bá gbé orin kan láìlanu, ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù yóò gbọ́ ọ. Fèrè Ferguson kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lé orí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí a bá ti mú ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò, ó ti lọ pátápátá nìyẹn.

Kí n má bàa ṣe àìṣòótọ́ sí ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a lè fi gbè é lẹ́yìn. Ní 1974, àwọn tí wọ́n ra àwo yìí ní Amẹ́ríkà ti gbọ́ orin Wonder lórí rédíò títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sórí. Nígbà tí fèrè dé, ọ̀rọ̀ náà ń lọ lọ́kàn wọn lábẹ́ fèrè. Àwa tí a jìnnà sí ibẹ̀ ní ọ̀nà àti ní ọdún ni a kò ní nǹkan lábẹ́ fèrè yìí. Mo gba èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé òfin tí ó sọ pé fèrè kò lè kẹ́dùn. Ellington fi fèrè kẹ́dùn láìlo ọ̀rọ̀ kan. Nínú bí Ferguson ti gbé "Livin' for the City", n kò rí ibì kan tí èémí ti sọ̀ kalẹ̀, tí a ti dákẹ́ díẹ̀, tí ẹni tí kò mọ ìtàn náà fi lè fura pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀wọ̀n. Agẹmọ yìí mú àwọ̀ ewé, ó sì fi ọgbẹ́ tí ó wà lára ewé sílẹ̀.

Ní ojú kejì yìí kan náà ni "La Fiesta" ti Chick Corea wà, ó sì tọ́ kí n yìn ín. Ó ní ìwà orin ilẹ̀ Spain, ó ń fi mẹ́ta-mẹ́ta rìn, àwọn fèrè sì wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ ilé rẹ̀. "I Can't Get Started" jẹ́ orin 1936, èyí tí Bunny Berigan, afọnfèrè ìpè, sọ di olókìkí ní 1937. Òun nìkan ni aṣọ àtijọ́ tí Ferguson gbé wá síbi àpèjẹ àwọn ọ̀dọ́ yìí. Inú mi dùn pé ó gbé e wá, nítorí bí ènìyàn bá gbọ́ ọ tẹ̀ lé "La Fiesta", yóò gbọ́ pé ènìyàn kan náà ni ó ń fọn méjèèjì.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni "Superbone Meets the Bad Man", tí Chattaway ṣe. Ferguson gbé fèrè ìpè sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun èlò kan tí ilé-iṣẹ́ Holton ṣe fún un ni ó gbé, irú trombone kan tí ó ní ọ̀pá tí a ń fà síwá fà sẹ́yìn, tí ó sì tún ní bọ́tìnì tí a ń fi ìka tẹ̀ bíi ti fèrè ìpè. Òun ni superbone. Ọkùnrin búburú náà ni saxophone olóhùn ìsàlẹ̀ ti Bruce Johnstone, ọmọ New Zealand. Àwọn méjèèjì ń bú ara wọn bí àwọn àgbà méjì tí wọ́n jọ jókòó sábẹ́ igi, tí kò sí ẹni tí ó bínú nínú wọn: ọ̀kan a ju ọ̀rọ̀, èkejì a gbà á, a yí i po, a sì jù ú padà. Nítorí pé ọ̀pá náà ṣeé fà, Ferguson lè ti ohùn ìsàlẹ̀ yọ́ gun òkè láìjá, kí ó sì ti òkè yọ́ wá sílẹ̀, bí ahọ́n wa ti ń ṣe lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń sọ èsì tí wọ́n rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fọ̀ fún èkejì, ní Yorùbá. Bí ẹ bá rí àwo náà, orin yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lélẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí ẹ tó yí i padà sí ojú kìíní fún "Gospel John". Ní ti "Livin' for the City", ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn ná.